Kíndìnrín Àgbò Tí Mo Fi Kọ́ Iṣẹ́ Abẹ

Ìgbà ọ̀wọ́n SAP ni, àwọn ológun ló ń ṣèjọba, kò sì sí oṣù tí dókítà kan kì í fi ilé ìwòsàn wa ní Ìkẹjà sílẹ̀. Nígbà tó kan ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ abẹ, ó ní Saudi lòun ń lọ. Gbólóhùn tó fi tẹ̀ lé e ló já mi láyà: "Kí n tó lọ, ìwọ lo máa yọ òkúta inú kíndìnrín ọkùnrin Oregun yẹn. Màá dúró tì ọ́."

Ọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ nídìí iná nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Bí ìrora bá dé, á máa yí gbirigbiri lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó rẹ̀ á sì máa bẹ̀ mí. Èmi tí n kò gé kíndìnrín rí láyé mi!

Ọ̀gá ní kí n lọ wá kíndìnrín ẹran tí màá fi kọ́ ọ. Alápatà ni bàbá mi, láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá sí odò ẹran Agége. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti di dókítà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ mọ̀. Ojú tì mí bí mo ṣe dúró níwájú tábìlì wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo nawọ́ sí kíndìnrín màlúù, bàbá mi mi orí.

"Èyí rí kókó-kókó. Ṣé bí tèèyàn ṣe rí nìyẹn?"

"Rárá, Bàbá. Tèèyàn jọ̀lọ̀ ni."

"Ti àgbò ni kó o mú nígbà yẹn. Ti ẹlẹ́dẹ̀ lè jọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ o mọ̀ pé n ò lè fọwọ́ kàn án."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Màá ki òkúta wẹ́wẹ́ bọ inú kíndìnrín àgbò, màá là á, màá fi ẹ̀mú yọ òkúta, màá sì fi òwú télọ̀ rán an, torí òwú iṣẹ́ abẹ gidi ti wọ́n. Ọ̀gá á wá fi sírínjì ti omi sínú rẹ̀. Bí omi bá yọ níbi tí mo rán, á ní, "Ó ń jò," á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí mo bá fa òwú le, ẹran á ya. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, á jò. Lọ́jọ́ kan omi ò yọ rárá. Inú mi dùn, mo tún òmíràn rán, ó jò.

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ pé. Kíndìnrín àgbò tútù, kì í mira. Ti ọkùnrin yìí gbóná, ó sì ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí. Bí mo ṣe là á, ẹ̀jẹ̀ tú jáde, n kò rí nǹkan kan mọ́. Mo na ọ̀bẹ sí ọ̀gá, kò gbà á.

"Níbo ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú kíndìnrín?"

"Ibí, sà."

"Kí lo wá ń wò?"

Mo fi ìka méjì fún iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rọlẹ̀. Mo rí òkúta ọ̀hún, mo yọ ọ́, mo rán ojú ọgbẹ́. Ọ̀gá wò ó fínnífínní, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

Ìtọ̀ ọkùnrin náà tó ń gba inú rọ́bà jáde pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún ki sí i. N kò lè lọ sílé. Bàbá mi gbé oúnjẹ wá bá mi tòun ti aṣọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ń béèrè ọmọ wọn dókítà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. N kò tilẹ̀ rántí ìtìjú.

"Ṣé ó ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Bí mo bá ti pa ẹran, iṣẹ́ tèmi parí nìyẹn. Tìẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Jẹun."

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ìyàwó ọkùnrin náà sáré wá pè mí: "Dókítà, ẹ wá wò ó!" Mo sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìtọ̀ náà ti mọ́, ọkọ rẹ̀ sì jókòó, ó ń béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ, mo sunkún títí nọ́ọ̀sì fi wá mi kàn.

Ọ̀gá lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí aláìsàn mìíràn tó ní òkúta nínú kíndìnrín dé, kò sẹ́ni tó dúró tì mí bí mo ṣe gbé ọ̀bẹ.