Bí Amos Ollerenshaw Ṣe Ń Yan Ẹni Tó Máa Dìbò Fún

Ìtàn tí gbogbo ará Brackenshaw, ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ máa ń sọ nípa Amos Ollerenshaw ni ti obìnrin olùdíje tó sùn lọ nínú ilé ẹyẹlé rẹ̀. Oṣù Kejì ọdún 1974 ni. Ìkùukùu ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ó bo òrùlé àwọn ilé tó tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, débi pé ohùn nìkan lèèyàn fi ń dá aládùúgbò rẹ̀ mọ̀. Ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́rin.

Amos kì í bi olùdíje kankan ní ìbéèrè nípa owó orí tàbí iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì. Yóò mú un gba inú ilé kọjá lọ sẹ́yìnkùlé, yóò fi í jókòó sórí àga onígi nínú ilé ẹyẹlé, yóò gbé ẹyẹlé kan lé e lọ́wọ́, yóò sì wí pé, "Ẹ dì í mú. Ẹ má sọ̀rọ̀." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tún ẹ̀rọ ṣe nínú ariwo ilé iṣẹ́ ìhunṣọ, ó sì gbà pé ẹni tí kò bá lè dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, irọ́ ló máa fi dí àyè náà.

Olùdíje ẹgbẹ́ pupa, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, dé ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹyẹ ń dẹ́rù ba òun, ó padà sílé. Ti ẹgbẹ́ búlúù, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Julian Pemberton, jókòó, ó gba ẹyẹlé, ó dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ìjọba rẹ̀ yóò ṣe fún àwọn oníṣòwò. Ẹyẹlé náà wò ó títí, ó yí ìdí padà, ó sì ya ìgbẹ́ sára kóòtù olówó ńlá tí ọkùnrin náà wọ̀. "Ó ti dá yín lóhùn," ni Amos wí.

Ẹnì kẹta ni Thirza Holroyd, olùkọ́ tó ń díje fún ẹgbẹ́ ìyeyè. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn kiri nínú òjò, omi sì ti wọ bàtà rẹ̀. Ó gbé ẹyẹlé náà sí orí ẹsẹ̀. Inú ilé ẹyẹlé gbóná wọ́ọ́wọ́ọ́, àwọn ẹyẹ ń kùn lọ́fun, ìkùukùu ń rá pálá kọjá lójú fèrèsé. Kó tó di ìṣẹ́jú kẹrin, obìnrin náà ti sùn lọ fọnfọn.

Beryl, ọmọ Amos, ló gbé tíì wá. Ó bá bàbá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ìka lé ètè.

"Bàbá, ẹ jí i o! Wọ́n ń dúró dè é ní gbọ̀ngàn ìlú."

"Jẹ́ kí wọ́n dúró."

"Èèyàn tó ọgọ́rùn-ún!"

"Beryl," ni Amos sọ wúyẹ́wúyẹ́, "láti ìgbà tí mo ti dáyé, èyí ni olóṣèlú àkọ́kọ́ tí kò ṣèlérí kankan fún mi."

Wákàtí méjì ni obìnrin náà fi sùn. Ọkùnrin tó ń bá a ṣètò ìpolongo ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú ìkùukùu, ó ń pe orúkọ rẹ̀ bí ẹni tí àgùntàn rẹ̀ sọnù, Amos sì yọrí síta, ó ní kó rọra, pé ẹyẹ ń sinmi. Amos dìbò fún obìnrin náà. Ẹ̀yìn pátápátá ni Thirza Holroyd wà nígbà tí wọ́n ka ìbò tán. Beryl ló wá sọ fún bàbá rẹ̀, ó rò pé inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Amos da àgbàdo fún àwọn ẹyẹlé rẹ̀. "Ó kúkú rí oorun sùn," ló wí.

Ẹni tó bá mọ ìdílé wọn ló mọ bí ọ̀ràn yìí ti le tó. Bàbá Amos ló máa ń gbé àsíá ẹgbẹ́ pupa ṣíwájú nígbà ayé rẹ̀, gbogbo òpópónà wọn pátá ni wọ́n sì bí sínú pupa. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1955, ṣéènì kẹ̀kẹ́ Amos já ní agbedeméjì òkè, nínú òjò. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àtàtà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó tún ṣéènì náà ṣe, ó ṣí fìlà, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí Amos rí àwòrán ọkùnrin náà nínú ìwé ìròyìn ló mọ̀ pé olùdíje ẹgbẹ́ búlúù ni. Ó dìbò fún un. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé ó sọ ọ́ jáde ní kílọ́ọ̀bù àwọn òṣìṣẹ́, lójú Seth ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Búlúù?" ni Seth wí. Ó gbé ife ọtí kalẹ̀. "Ìwọ, ọmọ bàbá mi?"

"Ó bá mi tún ṣéènì ṣe."

"Ṣé èmi ò lè tún ṣéènì ṣe ni?"

"Ẹ kọjá lára mi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tiẹ̀ tẹ aago kẹ̀kẹ́ sí mi."

Kílọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Seth kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bí wọ́n bá jọ ń jẹun lọ́jọ́ Àìkú, Nellie ìyàwó Amos ló máa ń rán níṣẹ́. "Nellie, bá mi sọ fún ọ̀dàlẹ̀ yẹn kó gbé iyọ̀ wá." Amos yóò ní, "Nellie, sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀dàlẹ̀ ti ń gbé iyọ̀ bọ̀." Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, Amos dìbò fún pupa, Seth sì ti òpin òpópónà wá dì mọ́ ọn. "Mo mọ̀ pé o máa padà wálé!" Amos ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ajá olùdíje yín ni mo dìbò fún. Ajá náà mọ èèyàn."

Nellie ní ìlànà tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdìbò, yóò bi ọkọ rẹ̀ léèrè ẹni tó fẹ́ yàn, bí wọ́n bá sì dé ibùdó ìdìbò, ẹlòmíràn ni Nellie máa yàn, kí ìbò méjèèjì lè pa ara wọn rẹ́. Lọ́dún tí Amos dìbò nítorí ajá, Nellie, tó fẹ́ràn pupa ju bàbá tó bí i lọ, fi omijé dìbò fún búlúù. Beryl bi í léèrè ohun tó dé. "Ìbò ọkùnrin tó ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹyẹlé," ni Nellie wí, "kò gbọ́dọ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù." Síbẹ̀, wọ́n máa ń fi ọwọ́ kọ́ ara wọn lọ́wọ́ lọ dìbò ni, bí àwọn tó ń lọ ṣe ìgbéyàwó.

Nellie kú nígbà òtútù ọdún 1982. Nígbà tí ìdìbò dé lóṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e, Beryl ló bá bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń dìbò. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú fèrèsé gíga wọlé, eruku ẹfun ń fò lọ́ra lọ́ra nínú afẹ́fẹ́, àwòrán oòrùn àti ẹja tí àwọn ọmọdé kùn sì wà lára ògiri. Amos wọ inú kọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pákó dá. Kò jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó di mẹ́wàá. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn.

"Bàbá Ollerenshaw," ni akọ̀wé ìdìbò pè é jẹ́jẹ́, "ṣé pẹ́ńsùlù yẹn ò kọ ni?"

"Ó ń kọ," ni Amos dáhùn látinú lọ́hùn-ún. "Mò ń dúró kó sọ tirẹ̀ ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ti ń lọ sílé, Beryl bi í léèrè. "Ta lẹ wá dìbò fún?"

"Ẹni tí màmá ẹ ì bá yàn."

"Tiyín ńkọ́, Bàbá?"

"Bí mo bá di tèmi, ta ló máa pa á rẹ́? Ìbò tí kò bá ti sẹ́ni tó bá a jiyàn, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí." Wọ́n rìn díẹ̀. Ó dúró, ó wo ojú ọ̀run. "Àmọ́ o ṣìnà o, Nellie! Ọkùnrin yẹn ò mọ nǹkan kan!" Títí wọ́n fi délé ló ń bá a jà.

Ìdìbò ìkẹyìn tí Amos rí ni ti ìgbìmọ̀ ìlú, nígbà tó di ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Èémí rẹ̀ ti kúrú, Beryl sì ti gbé ibùsùn rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbòde: ìgbìmọ̀ fẹ́ dá bọ́ọ̀sì tó ń gun orí òkè dúró, bẹ́ẹ̀ àwọn arúgbó ló pọ̀ jù lókè náà, ibẹ̀ kò sì ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní dókítà. Nazir Chaudhry, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì ọ̀hún, ló jáde láti díje láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Akólòlò ni.

Ó kan ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ kan. "Ara Bàbá ò yá," ni Beryl wí.

"Ta nìyẹn?" ni Amos pariwo látinú ilé.

"Olùdíje ni, Bàbá."

"Jẹ́ kó wọlé jàre."

Nazir dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ó gbìyànjú ọ̀rọ̀ tó ti kọ́ sórí, ọ̀rọ̀ há. Ó tún gbìyànjú, ó tún há. Amos kò bá a wá ọ̀rọ̀ náà. Ó kàn wò ó tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Nínú bọ́ọ̀sì yín," ló bi í nígbà tó yá, "ta ló máa ń bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn?"

"Màmá H-Hargreaves."

"Bó bá ti bọ́ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Mo máa ń d-dúró títí iná yàrá rẹ̀ á fi tàn."

"Ṣé àwọn ọ̀gá yín ló ní kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Rárá, sà. Wọ́n ti b-bá mi wí lẹ́ẹ̀mejì."

Amos yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Beryl, bá mi wá bàtà mi."

"Bàbá, ìdìbò ṣì ku ọ̀sẹ̀ kan!"

"Mo mọ̀. Bàtà yẹn máa ń pẹ́ kó tó wọ̀ mí lẹ́sẹ̀."

Lọ́jọ́ ìdìbò, Beryl fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì í lọ. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, tí wọ́n tún un kà, ìbò kan péré ni Nazir Chaudhry fi wọlé. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọgọ́ta èèyàn ló ti ń bura ní Brackenshaw pé àwọn ló ni ìbò kan yẹn. Alápatà ní tòun ni. Pásítọ̀ ní tòun ni. Obìnrin kan tó lo gbogbo ọjọ́ ìdìbò létí òkun ní Blackpool ní kò sí àní-àní, tòun ni.

Nazir wá dúpẹ́. Amos ti sùn, Nazir sì jókòó tì í títí ó fi jí.

"Ṣé wọ́n ti kà á?"

"Wọ́n ti kà á, Bàbá. Ìbò k-kan ni. Tiyín ni."

Amos mi orí lórí ìrọ̀rí. "Ẹ má ronú nípa tèmi. Àwọn tí kò dìbò fún yín ni kẹ́ ẹ máa rò. Wọ́n pọ̀ jù mí lọ." Ó tún pa ojú dé. "Bọ́ọ̀sì náà ńkọ́?"

"Ó ń gòkè lọ lọ́wọ́ báyìí, sà."

"Ó dáa," ni Amos wí, ó sì sùn padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ló dákẹ́, ojú rẹ̀ sí fèrèsé.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, pupa, búlúù àti ìyeyè jọ há mọ́ orí ìjókòó kan náà. Lẹ́ẹ̀mẹta ni pásítọ̀ dúró nínú ìwàásù nítorí ẹ̀rín, ìkẹta sì jẹ́ ẹ̀rín tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Beryl tò sórí ìlà nílé oníbúrẹ́dì. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná ń jáde bọ̀ wá bá wọn nínú ìkùukùu, ó sì ṣàdédé rántí pé bàbá òun máa ń kí búrẹ́dì "Ẹ káàárọ̀" kó tó fi ọ̀bẹ gé e. Ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sílùú, wò ó.

"Arábìnrin, ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Bàbá mi ni mo rántí."

"Irú èèyàn wo ni wọ́n?"

Beryl la ẹnu láti sọ fún un. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà omijé, ìlà náà sì dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó yára.