Ògiri Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Rẹ́

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Sátidé ni a wọ ilé àtijọ́ kan ní ìlú kékeré tí ọkọ̀ ojú irin gbé wa lọ láti Peckham, níbi tí à ń gbé nílùú òyìnbó. Èmi àti ọmọbìnrin mi ni, pẹ̀lú ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń mú àlejò yíká ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ mi. Ògiri kíṣíìnì wa ti ń bu, ó sì ń dúdú. Ọmọ mi ti ra ọ̀dà tá a máa fi kùn ún, n kò jẹ́ kó ṣí i. Ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń fọwọ́ tì bó bá ń ro àmàlà, àmì ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Láti ìgbà tó ti kú, ìyẹn ló kù.

Igi ni egungun ilé àtijọ́ náà, òpó ńláńlá tó ti dúdú. Òkè rẹ̀ yọ sí títì ju ìsàlẹ̀ lọ.

"Dádì, ẹ wò ó, ó tẹ̀ bí ẹni tó mutí yó. Kò ní wó lù wá báyìí?"

"Ó ti ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí baba ńlá mi. Wọlé."

Nínú yàrá kan, wọ́n ṣí ara ògiri sílẹ̀, wọ́n fi gíláàsì bò ó. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n hun sáàárín òpó, wọ́n wá fi amọ̀, koríko àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ. Ipa ìka ẹnìkan wà lára amọ̀ náà. Mo dúró síbẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbọ́ ìtàn yìí, nígbà tí mo wà ní kékeré lábúlé, irú ògiri yẹn la ní. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró lọ́dọọdún, àwọn obìnrin ilé á po amọ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ tún ògiri rẹ́. Ọdún tí ìyá mi kú, bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ògiri yàrá ìyá mi. Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun ló wà níbẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbọ́. Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e wó ògiri náà, ó sì gbé àmì ọwọ́ lọ.

Mo bi ìyá àgbà náà ohun tó mú ilé yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní gbogbo ẹni tó gbé ibẹ̀ ló ń tún un rẹ́.

Ayé ti yí. A kì í po amọ̀ mọ́, ọ̀dà inú ike ni wọ́n ń tà fún wa, ẹnìkan ṣoṣo ló sì ń dá a ṣe níbi tí agbo obìnrin ti máa ń pé jọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì nílé, mo fa tábìlì kíṣíìnì kúrò lára ògiri, mo ṣí ọ̀dà náà.

"Dádì, búrọ́ọ̀ṣì rèé."

N kò gbà á. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi rẹ́ ibi tí àmì ọwọ́ ìyá rẹ̀ wà.