Etí Ògúntóyìn Mẹkáníìkì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín nígbà náà pé Ògúntóyìn mọ mọ́tò tún ṣe ní Ìjerò, kò purọ́, àmọ́ kò tíì sọ òtítọ́ tán. Ogún ọdún ló fi ń na irin, irin náà sì bá a jà padà: etí rẹ̀ di. Kò di pátápátá o. Bí èèyàn bá dojú kọ ọ́, tó la ẹnu dáadáa, á gbọ́. Ṣùgbọ́n kí mọ́tò máa hó, kí nǹkan máa ké lábẹ́ rẹ̀, kò sí bó ṣe lè mọ èyí tó ń ké. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àwọn yòókù rò pé ìgbéraga ni kì í jẹ́ kó dáhùn ìkíni.

Èèyàn lè fi àìsàn pamọ́, iṣẹ́ ò ní í bá a fi pamọ́. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi tú jíà mọ́tò Tíṣà Olúwọlé palẹ̀, nǹkan kan ò sì ṣe jíà; bẹ́árìn ẹsẹ̀ ló ń ké. Olúwọlé kò bá a jà. Ó kàn ń sọ ọ́ káàkiri ni, ìyẹn sì burú ju ìjà lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Dúrójayé, tó ń ra kòkó ní Ìpotì, fi gbé mọ́tò Láńróbà rẹ̀ wá ní àsìkò tí kòkó ń jáde. Ó ní ó ń ké lábẹ́, ẹnìkan sì ti sọ pé jíà ni. Ó ní ọ̀dọ̀ Ògúntóyìn ni bàbá òun máa ń gbé mọ́tò wá, ìdí nìyẹn tí òun fi kọ́kọ́ yà. Bí kò bá rí ìdí rẹ̀ lónìí, òun ń gbé e lọ sí Àkúrẹ́, òun kò sì ní í padà. Ògúntóyìn gbọ́ ìyẹn yékéyéké. Bí Dúrójayé bá lọ, gbogbo àwọn tó ń kó kòkó lọ́nà oko ló máa tẹ̀ lé e, ilẹ̀kùn iṣẹ́ á sì tì.

Ògúntóyìn wa mọ́tò náà lọ, ó wà á bọ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń gbọ̀n, bí Láńróbà ṣe máa ń gbọ̀n láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kò gbọ́ nǹkan kan pàtó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ojú tì í, ó ń yẹ táyà wò bí ẹni pé táyà ló ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni Àbẹ̀kẹ́ ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata fáwọn ará àdúgbò, bí ẹ̀rọ náà bá sì ti yí ohùn padà báyìí, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó pa ẹ̀rọ, ó nu ọwọ́, ó gun ẹ̀yìn Láńróbà láìtọrọ àyè. Dúrójayé bi í pé níbo ni. Ó ní òun ń lọ gba atẹ́gùn.

Ògúntóyìn tún jókòó sídìí ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe gbéra, Àbẹ̀kẹ́ na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbé e lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lu ohun tí etí tirẹ̀ ń gbọ́: kín, kín, kín. Ó kọ́kọ́ ya Ògúntóyìn lẹ́nu. Nígbà tó yé e, omi lé ròrò sí i lójú, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wa mọ́tò kì í sunkún. Ó jẹ́ kí mọ́tò sáré, ìka sáré. Ó dẹ̀ ẹ́, ìka rọra. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ó yọ jíà, ó jẹ́ kí mọ́tò máa yí lọ fúnra rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ìka Àbẹ̀kẹ́ kò rọlẹ̀. Bí táyà ṣe ń yí ló ń lù. Nígbàkigbà tí jíà bá sì tún wọlé, á fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: gbà!

Ohun tó ń ké ń bá ẹsẹ̀ yí, kò bá ẹ́ńjìnnì yí, ó sì ń gbá bí agbára bá ti dé: àárín jíà àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló wà. Ògúntóyìn dúró, ó wọ abẹ́ mọ́tò. Ó di prọpẹ́là mú, irin gígùn tó ń gbé agbára láti ìdí jíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kọ́rọ́ọ̀sì tó wà ní oríkèé rẹ̀ ti jẹ, girísì ti gbẹ, ìpẹtà pupa ń dà sílẹ̀ láti ibẹ̀. Jíà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti fi kọ́rọ́ọ̀sì tuntun sí i.

Dúrójayé yìn ín, ó ní etí rẹ̀ ṣì mú ju ti gbogbo mẹkáníìkì lọ. Ògúntóyìn ì bá dákẹ́, kó gba ìyìn náà. Kò dákẹ́.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún kẹta rèé tí etí mi ti di. Ulé mi ni etí mi wà; ìyàwó mi tó o rí lẹ́yìn yẹn ni."

Dúrójayé wo Àbẹ̀kẹ́ títí, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí i. Ó ní òun á sọ fún wọn ní Ìpotì pé kí wọ́n máa gbé mọ́tò wọn wá, kí wọ́n sáà ti rí i pé ìyá wà nílé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di kòkó kún inú Láńróbà, wọ́n kọrí sí òkè Ẹ̀fọ̀n láti dán an wò. Àbẹ̀kẹ́ jókòó sórí àpò kòkó, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ léjìká ọkọ rẹ̀. Ògúntóyìn tẹ̀ ẹ́, ó dẹ̀ ẹ́, ó ń retí ìka. Ìka kò mira. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ògún tí bàbá rẹ̀ sìn, kó má baà ṣe ojúsàájú. Lẹ́yìn náà ó yí orí díẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun."

Ó dá a lóhùn, Ògúntóyìn kò gbọ́ ọ. Ọwọ́ náà rọra tẹ èjìká rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi gun òkè tán.