Bí Baba Oníbàtà Ṣe Dúnàádúrà Nítorí Alága

Títí di òní, bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Baba Oníbàtà ládùúgbò, ọjọ́ tó bá dókítà ẹranko dúnàádúrà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Ajá kan wà tó ń sìn, Alága lorúkọ rẹ̀, torí pé àga àwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù ló gbà láti kékeré, kì í sì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Alága ti darúgbó, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ní àmuùmután, gbogbo kọ̀rọ̀ ilé ló sì ń tọ̀ sí. Oúnjẹ kò wù ú mọ́. Baba bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, obìnrin kan tí kò tíì dàgbà tó àbíkẹ́yìn rẹ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ní kíndìnrín Alága ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, pé àìsàn náà kò ní lọ mọ́, àmọ́ ìtọ́jú wà tó máa jẹ́ kára tù ú. Baba béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó. Dókítà ní bóyá oṣù mẹ́fà.

Baba fa àga sún mọ́ tábìlì. Ẹni tó bá ti ra bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ rí ì bá ti mọ ohun tó ń bọ̀.

“Dókítà, oṣù mẹ́fà ti kéré jù. Ẹ jẹ́ ká fi í sí ọdún mẹ́ta.”

Dókítà ṣàlàyé pé òun kọ́ lòun ń pín ọjọ́ orí. Baba ní òun gbọ́, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ọdún méjì ààbọ̀. Nígbà tí ìyẹn náà kò wọlé, ó dìde, ó gbé Alága mọ́ra, ó ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra wẹ̀yìn wò bóyá wọ́n máa pe òun padà. Àwọn tó gbé ẹran wá sì ti kún ìta, wọ́n ń kùn. Dókítà mí kanlẹ̀, ó ní ó dáa, ọdún kan, bí Baba bá máa tẹ̀ lé gbogbo ohun tí òun bá sọ. Baba rẹ́rìn-ín délé. Ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pàdé pé òun ti gbà á ní ìlọ́po méjì, èènì ló kù tí òun máa padà lọ gbà.

Dókítà ní kí wọ́n má fún Alága ní iyọ̀, kí ẹran rẹ̀ sì mọ níwọ̀nba. Baba ní kò bójú mu kéèyàn máa jẹ ẹran lójú ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ ẹ́. Ló bá fòfin de iyọ̀ àti ẹran nínú gbogbo ilé. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá, kò bá a jiyàn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kí aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà ní gbogbo ọ̀sán ni. Baba kò fura. Àmọ́ bí Màmá bá ti wọlé padà, Alága á gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, á wá jókòó tì í, á máa wò ó bí ẹlẹ́rìí tí wọn ò tíì pè.

Síbẹ̀, Alága kò fẹ́ ìrẹsì tí kò níyọ̀. Baba bá ń kúnlẹ̀ tì í, á fi ẹnu bu tirẹ̀ nínú abọ́ kan náà, á ní ó dùn, omi á sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni oníbàárà kan bá a lọ́jọ́ kan, lórí ìkúnlẹ̀, ìrẹsì lẹ́nu. Ó béèrè bóyá kò sí nǹkan. Baba ní kò sí o, kó jọ̀ọ́ wá bá àwọn jẹun. Oníbàárà náà ní òun ti yó.

Nígbà tó yá, àìsàn náà le sí i. Dókítà ní kí wọ́n máa fa omi sí i lábẹ́ awọ láràárọ̀, ó sì kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe gbé awọ ọrùn sókè, tí wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un. Baba ní irú iṣẹ́ wo nìyẹn, òun tí òun ti ń gún awọ láti kékeré. Ó gbé àpò omi kọ́ ìṣó tó máa ń fi kọ́ bàtà. Ó mú abẹ́rẹ́, ó gbé awọ sókè, ó sì tún sọ ọ́ kalẹ̀. Màmá bi í pé kí ló dé.

“Nínú gbogbo awọ tí mo ti gún,” ni Baba wí, “kò sí èyí tó wojú mi rí.”

Láti ọjọ́ tí Alága ti wọ ilé náà ni Màmá ti búra pé kò ní wọ yàrá òun. Òun náà ló gba abẹ́rẹ́, tó sì gún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bó ṣe di iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Baba á di ajá mú, á máa sọ ìtàn fún un nípa àwọn ẹsẹ̀ ńláńlá tí òun ti rán bàtà fún, Màmá á sì máa sọ pé, “Dúró jẹ́ẹ́, ìwọ àgbàlagbà yìí.” Kò pẹ́ tí Alága fi ń sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Màmá fúnra rẹ̀ ló lọ wá aṣọ òtútù tẹ́ síbẹ̀.

Alága lo ọdún kan náà pé, ó sì tún lé. Lẹ́yìn náà ló wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò lè dìde mọ́, tó sì gbé ojú kúrò lára omi pàápàá. Dókítà wá sílé. Ó rọra sọ pé ìrora ló kù, pé òun lè gún un lábẹ́rẹ́ tó máa jẹ́ kó sùn lọ láìjí mọ́. Ó wá ń retí ohun tí Baba máa sọ. Màmá náà ń wò ó. Baba ń fọwọ́ pa orí ajá náà.

“Ṣé kò ní dùn ún?”

Dókítà ní rárá. Baba ní ó dáa. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí kó gba ọ̀rọ̀ àkọ́sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbé orí Alága lé itan títí ó fi mí èémí ìkẹyìn.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Baba ò yéé nasẹ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́ bí òun àti Alága ṣe máa ń ṣe. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Bó bá dé ibi ògiri oníbúrẹ́dì, á dúró, á wo ọ̀ọ́kán díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ajá kó tọ̀ tán. Ó tún máa ń dúró níbi òpó iná. Bí wọ́n bá bi í, á ní orúnkún ni. Wọ́n máa ń kí i pẹ̀lẹ́ orúnkún.

Ojú oorun ni Baba kú sí, kò ṣàìsàn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti ọ̀nà jíjìn kó lè wà pẹ̀lú Màmá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì nasẹ̀ jáde. Bí wọ́n ṣe dé ibi ògiri oníbúrẹ́dì, Màmá dúró. Ọmọ bi í bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Kò rẹ̀ mí,” ni Màmá wí. “Bàbá rẹ máa ń dúró níbí ni.”

Ọmọ náà dúró tì í. Oníbúrẹ́dì tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kí wọn, kò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tó ṣe díẹ̀, Màmá fi ọwọ́ kọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà ibi òpó iná, jẹ́jẹ́.