Ẹ̀yìn Màámi Tí Mo Fi Ṣe Síléètì

Òórùn láfún tí ń gbẹ lórí àpáta ni òórùn àárọ̀ nílé wa ní Ọ̀kà. Ó máa ń kan díẹ̀, pàápàá tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú àpáta náà lọ́wọ́ọ́wọ́, síbẹ̀ ó ń dùn mọ́ mi nímú. Ẹ̀yìnkùlé wa gan-an ni àpáta náà wà. Ó tẹ́jú bí ẹní, ó sì ń gba gbogbo ẹ̀gẹ́ tí màámi bá rẹ. Bàámi ń dáko lọ́nà Etíòro. Màámi ń ṣe láfún, ó ń gbé e lọ tà lọ́jà Ìkàrẹ́.

Màámi kì í fi ojú wo láfún kó tó sọ pé ó gbẹ. Á bu díẹ̀, á fi àtàǹpàkò fọ́ ọ mọ́ ìka, á dákẹ́ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí nǹkan. "Ojú a máa tan ni jẹ," ló máa ń wí. "Ọwọ́ kì í tan ni."

Kò kàwé. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì, wọ́n pe àwọn òbí sípàdé níléèwé wa, wọ́n ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n fi tàdáwà sí màámi níka, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bí a ṣe ń bọ̀ wálé, ó ń nu àtàǹpàkò náà mọ́ ìró rẹ̀, ó ń nù ún, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá ló ní, "Bọ́sẹ̀, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi."

Mo fi síléètì kọ́ ọ, kò wọlé. Ṣọ́ọ̀kì ń kán mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì máa ń sọ pé àwọn lẹ́tà náà jọra bí ọmọ ìbejì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ẹ ó rántí ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ìyá wa ń dojú bolẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ní kí á bá àwọn họ ẹ̀yìn. Ibi tí mo ti ń họ ẹ̀yìn màámi lọ́jọ́ kan ni mo ti fi ìka fa òbìrí kan, n ò tiẹ̀ ronú sí i. Ó rẹ́rìn-ín. "O nìyẹn, àbí?"

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ di síléètì mi. Ọmọlẹ́wà lorúkọ rẹ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà sì pọ̀ nínú orúkọ náà. Mo máa ń fa òbìrí, lẹ́yìn náà màá tẹ ìka ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀. "Ọ," màámi á wí. Bí n kò bá tẹ̀ ẹ́, á ní, "O. Má tàn mí." Ohun tí ojú rẹ̀ kò gbà, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè gbé abọ́ láfún lórí àpáta, ó sì yí ara padà láti pè mí. Abọ́ kò tíì kúrò nílẹ̀ tó fi pariwo, "Yéè, ẹ̀yìn mi o!" Ó ti abọ́ ṣubú, láfún dà nù, ó ń ṣàn lọ lórí àpáta bí iyanrìn funfun. Màámi dúró lórí ọwọ́ àti orúnkún, kò lè nàró, kò sì lè jókòó. Bàámi tó fẹ́ máa lọ sóko ju àdá sílẹ̀, ó gbé e wọlé.

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé àdúgbò wa. Ó wá, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ màámi, ó bi í bóyá ó lè mú ìtọ̀ mọ́ra, ó fún un ní oògùn ìrora. Ìyá Ìkàrẹ́, ẹ̀gbọ́n màámi, wá pẹ̀lú òrí, ó ń fi aṣọ gbígbóná jó ibẹ̀, ó ń fi oríkì pè é.

"Àdùkẹ́, ibo gan-an ló ń dùn ọ́? Ṣé ibí ni?"

"N ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ibẹ̀ ti dàpọ̀."

Nígbà tí Ìyá Ìkàrẹ́ lọ pọnmi, mo jókòó ti màámi. Mo fẹ́ dá a lára yá. Mo rọra fa Ọ sí ìbàdí rẹ̀, mo tẹ àmì sábẹ́ rẹ̀.

"Kí ni mo kọ?"

"Ṣé o kọ nǹkan ni? Ó dà bíi pé o gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi."

Mo tún un kọ, mo jẹ́ kó tóbi. Kò mọ̀ ọ́n. Mo wá fi ìka méjì kàn án, mo bi í pé mélòó ni. "Ọ̀kan," ni màámi wí. Ó ní ó ń ṣe òun bíi pé aṣọ òfì tó nípọn wà láàárín ọwọ́ mi àti ara òun. Ẹ̀rù bà mí. Mo sáré lọ bá bàámi níbi tó ti ń jẹun.

"Bàámi, ẹ̀yìn màámi ti kú!"

Òkèlè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré lọ pe nọ́ọ̀sì padà. Nọ́ọ̀sì náà yẹ màámi wò dáadáa, ó ní kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kó gbé e sókè, ó fọwọ́ kan àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló fà mí mọ́ra.

"Ẹ̀yìn ìyá rẹ ò kú. Bí ẹnì kan bá ń pariwo nínú ilé, ṣé wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́? Ìrora ló ń pariwo. Jẹ́ kó dákẹ́ ná." Ó kọjú sí bàámi. "Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tìpìrì, tàbí tí ìtọ̀ bá há tàbí tó ń dà, ẹ má dúró, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ má sì jẹ́ kó máa sùn látàárọ̀ dalẹ́. Kó máa rìn díẹ̀díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni màámi ń fọwọ́ lé mi léjìká, tí a ń rìn yí àgbàlá ká. Bí mo bá fẹ́ yára, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Nírọ̀lẹ́, mo ń kọ lẹ́tà sí àárín èjìká rẹ̀, nítorí níbẹ̀ ó ń mọ̀ wọ́n. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí màá fi dé ibi tí màámi á ti mi orí pé kò yé òun mọ́. Ibẹ̀ ni màá ti dáwọ́ dúró. Bí ìrora ṣe ń fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ààlà náà ń lọ sísàlẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ Ọ sí ìbàdí rẹ̀ gan-an.

"Ọ," ló wí. "O tẹ àmì sí i." Ó gbójú pa mọ́ sínú apá rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì ń mì. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé òbí, ó gba bírò, ó kọ orúkọ rẹ̀. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, ẹnì kankan kò sì kán an lójú. Ó tẹ àmì abẹ́ Ọ àkọ́kọ́ débi tí bírò fi lu ìwé já.

Àkùngbá ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn mú èmi náà níbi tí mo ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Ọkọ mi ń bá mi fi ìpara wọ́ ọ, ó ní, "Ṣé ibi tí ọwọ́ mi wà yìí ni?" N kò lè sọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà. Mo dojú bolẹ̀, mo sunkún, ọkọ mi sì rò pé ìrora ni. Ìrora náà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ti màámi ṣe lọ.

Màámi ti sùn, ọdún sì ti gorí ọdún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń kánjú kó mọ lẹ́tà kan kí á lè bọ́ sí òmíràn, kí n lè sáré lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré. Èmi àgbà yìí ti mọ ohun tí nọ́ọ̀sì náà ń wí, mo tiẹ̀ lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ tí mo jẹ́ yẹn ni ohun tí mo ń wá wà. Ó ní ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀, tó gbóná, tó ń mí, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò na ọwọ́ tí kò ní kan nǹkan kan.