Nọ́ńbà Tí Mo Kọ Fún Bàbá Mi

Òórùn gàrí tí wọ́n ń yan lẹ́yìnkùlé ilé kejì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà, ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1980. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti wọ iyàrá bàbá mi, òórùn mìíràn ló wà níbẹ̀: epo dúdú àti èédú, tó ti wọ inú kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ débi pé ọṣẹ kankan kò lè lé e. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ṣiṣẹ́ rélùwéè. Èédú ló kọ́kọ́ ń wà sínú iná ẹ̀ńjìnnì kí wọ́n tó fi ṣe dírẹ́bà, ó sì wa ọkọ̀ eléèéfín láti Ìbàdàn dé Kàdúná. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìjẹ̀bú, níbi tí ojú irin kò dé rárá. Ó máa ń sọ pé ìlú tí kò gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin rí ti dákẹ́ jù fún òun.

Èmi ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Tíṣà ni mí, èmi nìkan ló sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba, ló fi ìwé àwòrán ọjà kan ránṣẹ́ sí wa. Àwọn ọkọ̀ ojú irin kéékèèké ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó ẹ̀yà wọn sínú páálí fún ẹni tó bá rà á láti tò ó fúnra rẹ̀. Ó ní kí Bàbá yan èyí tó bá wù ú, kí a kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé náà, kí a dá fọ́ọ̀mù náà padà sí òun.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Bàbá fi ka ìwé yẹn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Méjì ló ṣẹ́ kù níkẹyìn. Ọ̀kan jẹ́ ike aláwọ̀ ewé, ó rẹwà púpọ̀. Gọ́ọ̀mù ni wọn yóò fi lẹ̀ ẹ́, bátìrì ni yóò sì máa yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èkejì jẹ́ idẹ. Ó ní ìkòkò omi tirẹ̀ àti fìtílà sípíríìtì lábẹ́ rẹ̀, tí omi náà bá sì hó, agbára ooru rẹ̀ ni yóò máa ti kẹ̀kẹ́ lọ, gan-an bí ti ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rà á yóò fi ayùn ha àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ara wọn, yóò sì fi irin gbígbóná yọ́ òjé láti so wọ́n pọ̀.

Bàbá fi ìka lé ti idẹ. "Èyí ń mu omi," ó wí. "Tọ̀hún, àwòrán lásán ni."

Ìka tó fi lé e ń gbọ̀n. Láti ọdún tó ṣáájú ni ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó da omi gbígbóná sí itan ara rẹ̀, èmi ni mo sì ń wẹ egbò náà láràárọ̀ kí n tó lọ síléèwé. Mo bi í pé ṣé ti iná yìí kò ní léwu. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti lọ sí Ayépé lọ bá ọ̀rẹ́ òun kan, tó máa ń tún ìkòkò omi ẹ̀ńjìnnì ṣe nígbà tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ tò ó.

"Ọwọ́ tirẹ̀ ṣì dúró," ó wí. "Bá mi kọ nọ́ńbà náà, ojú fọ́ọ̀mù yìí ti kéré jù fún mi."

Nọ́ńbà ti ike ni mo kọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé mo ṣì í kọ. Mo kọ ọ́ geere, mo lẹ àpòòwé pa, mo sì sọ fún ara mi pé tó bá rí bó ti rẹwà tó, á gbàgbé èkejì.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹrù náà tó dé. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ti Ayépé dé lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ rẹ̀ àti bùbá tó mọ́ tónítóní. Mo ti se ìkókorẹ́ dè wọ́n. Wọ́n gé okùn, wọ́n ṣí páálí. Bàbá mú kẹ̀kẹ́ kan jáde, ó fi èékánná kàn án, ó dún bí ìdérí ike. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbà á, ó wò ó, ó dá a padà jẹ́jẹ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, ohun ìṣeré ọmọdé ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ."

Bàbá yíjú sí mi. "Ṣé èyí tí mo sọ lo kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Á jẹ́ pé wọ́n ṣì í kà lọ́hùn-ún."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rọra jẹun, ó gbé àpò rẹ̀ láìtú u, ó sì padà sí Ayépé. Bàbá wá ní kí n kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Inú bí ẹ̀gbọ́n mi, ó lọ bá àwọn tó tajà náà jà, wọ́n sì yọ fọ́ọ̀mù wa fún un. Fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ló fi sínú èsì rẹ̀. Iléèwé ni mo wà nígbà tí lẹ́tà náà dé. Nígbà tí mo wọlé, Bàbá jókòó tì í.

"Ìwọ lo kọ ọ́," ó wí.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Bàbá. Ọwọ́ yín."

"Ọwọ́ mi ni. Ìwọ kọ́ lo ni ín." Ó ti fọ́ọ̀mù náà sí iwájú mi. "Tó o bá ti sọ ọ́ lójú mi, à bá jọ jà sí i, kó sì tán síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe tán láti ra ti idẹ ránṣẹ́. Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀rẹ́ Bàbá ti ṣàìsàn díẹ̀, ó sì ti kú. Bàbá ní kó má ṣèyọnu. "Ta ni yóò bá mi di irin mú?" Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì wọlé lọ.

Ó lo ọdún mẹ́rin sí i. Kò bú mi, kò sì sọ ọ́ fún ará ilé kankan. Ṣùgbọ́n kò tún ní kí n bá òun kọ lẹ́tà mọ́. Ìyàwó pásítọ̀ ìjọ wa ló ń bá a kọ ọ́. Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, tí mo bá gbé oògùn fún un, á gbà á, á dúpẹ́, á sì tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́ títí ayálégbé tó gba iyàrá kan lọ́wọ́ wa yóò fi dé, kó lè bi í pé kí ni wọ́n kọ sára ìgò náà. Kó tó dé, kì í gbé e mì. Èmi náà á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi.

Ọdún púpọ̀ ni mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé ìfẹ́ ló mú mi ṣe é. Ìfẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi láti máa wẹ egbò, mi ò sì fẹ́ wẹ òmíràn. Ara mi ni mo yan nǹkan fún, mo sì fi orúkọ Bàbá sí i.