Ojú Mi Nínú Abọ́ Omi

Lọ́dún tí ìjọba kò san owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ wọn ní Alágbàká déédéé, ọkọ mi lọ ṣiṣẹ́ tíṣà ní erékùṣù kan ní Karibéánì, èmi dúró sílé ní Ìsìkàn. Ó fi fọ́tò kan ránṣẹ́: òun rèé nínú òkun, awò ńlá bo ojú àti imú rẹ̀, páìpù tí ó fi ń mí wà lẹ́nu rẹ̀, ẹja aláwọ̀ ọsàn yí i ká. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé, "Tí o bá gba ìsinmi wá, èmi ni màá kọ́ ọ."

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bu omi sínú abọ́ ìfọṣọ, tí mo ń ki ojú bọ̀ ọ́. Ìsàlẹ̀ abọ́ nìkan ni mo ń rí, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣe mí bíi pé mo sún mọ́ ọkọ mi díẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ dé láti Oǹdó, wọ́n bá mi bẹ́ẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Màmá. Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹja lábẹ́ omi ni."

Mo fún wọn ní fọ́tò náà. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ó ti rù," ni wọ́n wí. Wọ́n wá fa àpótí jókòó tì mí. "Tún ki ojú bọ̀ ọ́. Màá máa ka ení, èjì fún ọ."

Mo dé ogójì kí n tó gbé ojú sókè.

Mo béèrè físà láti lọ bá ọkọ mi, ṣùgbọ́n wọn kò fún mi. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọkọ mi padà wálé, inú gbogbo wa sì dùn. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí òkun yẹn títí di òní, ó sì ń wù mí síbẹ̀.